Atúpalẹ̀ ìṣúná àti ìṣàkóso iléeṣẹ́: kí ló so wọ́n pọ̀?

Ìbéèrè: Èmi àti àwọn tí a jọ ń ta ẹja ní ọjà Olúwo ní Ẹ̀pẹ́ ra ṣíà báǹkì kan. Alágbàtà wa máa ń fi ìwé àwọn atúpalẹ̀ ìṣúná ránṣẹ́ sí wa, pé kí a rà sí i tàbí kí a tà. Ṣé àwọn wọ̀nyí ló ń bá wa ṣọ́ àwọn ọ̀gá báǹkì náà?

Ìdáhùn: Rárá o. Ìgbìmọ̀ olùdarí ni òfin ní kí ó máa bójú tó àwọn ọ̀gá tí ń ṣe iṣẹ́ ojoojúmọ́. Ìgbìmọ̀ mìíràn tún wà tó ń yẹ ọ̀rọ̀ owó wò, èyí tí òfin iléeṣẹ́ ti ọdún 2020 ní kí ó ní ènìyàn 5, kí 3 jẹ́ àwọn tó ní ṣíà, kí 2 sì jẹ́ olùdarí tí kì í ṣe òṣìṣẹ́ iléeṣẹ́ náà. Atúpalẹ̀ ní tirẹ̀ ń ka ìwé tí àwọn wọ̀nyí bá fi síta, ó ń bi àwọn ọ̀gá léèrè ọ̀rọ̀, ó sì ń fi iléeṣẹ́ kan wé òmíràn. Síbẹ̀, níbi tí ọ̀pọ̀ wọn bá ti tẹjú mọ́ iléeṣẹ́ kan, kì í rọrùn fún àwọn ọ̀gá láti fi nǹkan pamọ́ pẹ́ títí.

Ìbéèrè: Báwo wá ni iléeṣẹ́ ṣe ń wó nígbà tí àwọn atúpalẹ̀ ṣì ń ní kí a rà?

Ìdáhùn: Ibí gan-an ni ọ̀rọ̀ ti díjú. Ní oṣù December 2001 ni Enron, iléeṣẹ́ ńlá kan tó ń ta iná àti gáàsì, wó ní Amẹ́ríkà. Nígbà tó ku ọ̀sẹ̀ díẹ̀, ọ̀pọ̀ atúpalẹ̀ ṣì ń ní kí àwọn ènìyàn ra ṣíà rẹ̀. Púpọ̀ nínú wọn ń ṣiṣẹ́ fún báǹkì tí ń gba owó iṣẹ́ lọ́wọ́ iléeṣẹ́ tí wọ́n ń kọ̀wé nípa rẹ̀, ẹnu tó bá sì ti jẹ dòdò kì í sọ òdodo. Ní 2003, ìjọba Amẹ́ríkà mú kí báǹkì ńlá 10 san nǹkan bí bílíọ̀nù 1.4 dọ́là, kí wọ́n sì ya owó oṣù atúpalẹ̀ kúrò lára owó tí báǹkì ń rí lórí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀.

Ìdí kejì ni ó ń bà mí lẹ́rù jù. Bí àwọn atúpalẹ̀ bá ti kéde iye èrè tí wọ́n ń retí, tí èrè náà kò sì pé, owó ṣíà a já wálẹ̀. Ọ̀gá tí àjẹmọ́nú rẹ̀ rọ̀ mọ́ owó ṣíà lè wá máa kọ ọjà tí kò tíì tà sílẹ̀ bí èyí tó ti tà, kí iye náà ṣáà lè pé. Nílé níbí, Cadbury Nàìjíríà kéde ní 2006 pé àṣerégèé ti wà nínú ìṣirò òun fún ọdún mélòó kan. Ọ̀gá àgbà àti olùdarí ìṣúná sì kúrò nípò.

Ìbéèrè: Kí ni kí a wá fi ìwé náà ṣe?

Ìdáhùn: Ẹ máa kà á, ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ wo ẹ̀yìn rẹ̀, níbi tí ó ti yẹ kí wọ́n sọ bóyá àwọn tó kọ ọ́ ń bá báǹkì náà ṣòwò. Ẹ wò ó pẹ̀lú bóyá ẹnì kan náà ló jẹ́ alága àti ọ̀gá àgbà, nítorí pé ìlànà ìṣàkóso iléeṣẹ́ ti ọdún 2018 kò fẹ́ bẹ́ẹ̀. Ìpàdé ọdọọdún ni a ti ń yan àwọn 3 tó ní ṣíà sínú ìgbìmọ̀ tó ń yẹ ọ̀rọ̀ owó wò. Bí ẹ kò bá lè kúrò ní Ẹ̀pẹ́, ẹ fọwọ́ sí ìwé aṣojú, kí ẹni tí ẹ gbẹ́kẹ̀ lé dìbò fún yín.