Helioseismology: bí ohùn inú oòrùn ṣe ń lọ sókè sódò

Oòrùn kì í dúró jẹ́ẹ́. Gáàsì ń hó lábẹ́ ojú rẹ̀ tọ̀sán-tòru, ariwo híhó náà a di ìgbì tó ń rìn kiri inú rẹ̀. Bí ìgbì náà bá gòkè dé ojú oòrùn, kò lè jáde, á tún padà wọlé. Ní nǹkan bí ọdún 1960 ni Robert Leighton àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà ṣàkíyèsí pé ojú oòrùn ń wú, ó sì ń rọlẹ̀, ní bí ìṣẹ́jú 5 sí 5. Fífi gbígbọ̀n yìí wádìí ohun tó wà nínú oòrùn là ń pè ní helioseismology.

Ẹ má wulẹ̀ tẹ́tí, ẹ ò ní gbọ́ ọ. Òfìfo ló wà láàárín àwa àti oòrùn, ìró kì í sì í gba inú òfìfo kọjá. Ìmọ́lẹ̀ ni wọ́n ń wò: níbi tí ojú oòrùn bá ti ń bọ̀ lọ́dọ̀ wa, ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ á tẹ̀ díẹ̀ sí búlúù, níbi tó bá ti ń fà sẹ́yìn, á tẹ̀ sí pupa.

Èyí tó dùn mọ́ mi jù ni pé ohùn náà kì í dúró sójú kan. Ní bí ọdún 11 sí 11, àwọn àbàwọ́n dúdú ojú oòrùn, níbi tí agbára òòfà ti pọ̀, a máa pọ̀, wọn a sì tún wọ́n. Bí wọ́n ṣe ń pọ̀ ni gbígbọ̀n náà ń yá sí i. Onílù Akúrẹ́ tàbí Oǹdó mọ irú rẹ̀: bó bá fún ọṣán gángan mọ́ra, ohùn á ròkè, ìlù kan náà sì ni. Àmọ́ kò sí onílù tí etí rẹ̀ lè mú ti oòrùn. Nínú odindi ìṣẹ́jú 5, ohun tó ń dín kù kò ju bí ìdá 4 nínú 100 ìṣẹ́jú-àáyá kan lọ! Martin Woodard àti Robert Noyes ló ròyìn rẹ̀ ní 1985, láti inú ohun tí sátẹ́láìtì gbà sílẹ̀. Láti rí ohun tó kéré tó bẹ́ẹ̀, èèyàn gbọ́dọ̀ ṣọ́ oòrùn fún ọ̀pọ̀ oṣù, bẹ́ẹ̀ oòrùn ń wọ̀ lójoojúmọ́. Ìdí nìyẹn tí BiSON, àwọn ibùdó tó ń ṣọ́ gbígbọ̀n oòrùn, tí wọ́n ń darí láti Birmingham ní England, fi jẹ́ 6 káàkiri ayé. Ọ̀kan wà ní Sutherland, Gúúsù Áfíríkà.

Ibo gan-an ni òòfà ti ń mú ìgbì náà? Àwọn ìgbì tó ń yára gbọ̀n a máa gòkè sún mọ́ ojú oòrùn kí wọ́n tó yí padà, àwọn ni ohùn wọn sì ń yí jù. Àwọn tó ń falẹ̀ ti ń yí padà nísàlẹ̀ díẹ̀. Tiwọn kì í fi bẹ́ẹ̀ yí. Nítorí náà, ìtòsí ojú oòrùn ni ọ̀ràn náà wà, kì í ṣe ní àárín gbùngbùn rẹ̀. Ní àwọn ọdún tí àbàwọ́n pọ̀ yẹn kan náà, ìgbì náà kì í le tó tẹ́lẹ̀, wọ́n sì ń tètè kú.

Àwọn sọ̀fíyọ̀ wa tó ń fi GPS wọn ilẹ̀ ní ìpín tiwọn níbẹ̀. Lágbègbè tiwa yìí, tó sún mọ́ ìlà agbedeméjì ayé, àmì sátẹ́láìtì a máa gbọ̀n lẹ́yìn tí oòrùn bá wọ̀, ó sì ń burú sí i lọ́dún tí àbàwọ́n bá pọ̀.

Wọ́n tún ti fi ìgbì wọ̀nyí rí ohun tí ojú lásán kò fi hàn. Bí ọdún 11 kọ̀ọ̀kan tí àbàwọ́n fi ń pọ̀, tó sì ń wọ́n, ni wọ́n ń kà sí ìyípo kan. Nínú ìyípo 23, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1996, ohùn àwọn ìgbì tó ń falẹ̀ kò fẹ́ẹ̀ yí rárá, bẹ́ẹ̀ ó yí nínú ìyípo 22. Sarbani Basu àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kọ ọ́ ní 2012 pé ìpele tí òòfà wà lábẹ́ ojú oòrùn ti tínrín ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ṣáájú ọ̀wọ́n àbàwọ́n tó bá oòrùn ní 2008 àti 2009.