Ẹ̀pà Tó Bu àti Purotíìnì p53: Ibi tí Ìtàn Jẹjẹrẹ Ẹ̀dọ̀ ti Ṣẹ̀ Wá

Bí wọ́n bá ń sọ bí àwọn purotíìnì inú ara ṣe ń darí ìdàgbàsókè jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀, ọdún 1979 ni ọ̀pọ̀ máa ń mú gẹ́gẹ́ bí ìbẹ̀rẹ̀, ìyẹn ọdún tí David Lane, Arnold Levine àti àwọn onímọ̀ mìíràn kéde purotíìnì tí a ń pè ní p53. Èmi kò fara mọ́ ọn. Inú ẹ̀pà ni ó yẹ kí a ti mú ìtàn náà, àwa ará ìwọ̀-oòrùn Kogi, láti Kábà dé Ìsánlú títí kan Ẹ̀gbẹ̀, sì lẹ́nu ọ̀rọ̀ níbẹ̀, nítorí pé ẹ̀pà àti àgbàdo kì í ṣe àlejò nínú oko wa.

Ẹ̀pà tí a mọ̀ lónìí ti Gúúsù Amẹ́ríkà wá, àwọn Pọtogí ni wọ́n sì gbé e dé etíkun wa. Ṣùgbọ́n ẹ̀pà roro ti wà nílẹ̀ Áfíríkà ṣáájú rẹ̀, mo sì gbà pé láti orí ẹ̀pà roro ni àṣà ṣíṣa ẹ̀pà ti bẹ̀rẹ̀ láàárín àwọn ìyá wa. Obìnrin tó bá ń ṣa ẹ̀pà lórí atẹ kì í kánjú: èyí tó hunjọ, èyí tí kòkòrò ti dá lu, èyí tí nǹkan bí ìyẹ̀fun aláwọ̀ ewé ti bò lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, gbogbo rẹ̀ ni yóò yọ sọ́tọ̀, bí ọ̀kan bá sì ṣèèṣì dé ẹnu, kíkorò rẹ̀ ni yóò mú kí ó tu ú dànù. Orí àpáta ni wọ́n ń sá èlùbọ́ àti ọkà sí, kí oòrùn lókè àti ooru òkúta nísàlẹ̀ lè jọ gbẹ ẹ́, irúgbìn àgbàdo a sì máa wà lókè àjà níbi tí èéfín ààrò yóò ti máa kàn án. Ó ṣeé ṣe kí àwọn àgbà ti ṣàkíyèsí pé agbo ilé tí kì í gbẹ oúnjẹ dáadáa kì í bọ́ lọ́wọ́ ikùn wíwú àti ibà pọ́njú. Lójú tèmi, ìmọ̀ ni ìyẹn, bí kò tilẹ̀ lórúkọ nínú ìwé.

Ìtàn orúkọ náà bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1960. Àwọn tòlótòló tó lé ní 100,000 kú ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n sì ń pe àìsàn náà ní àìsàn X ti tòlótòló, títí ìwádìí fi tọ ipasẹ̀ rẹ̀ dé inú oúnjẹ tí wọ́n fi ẹ̀pà ilẹ̀ Brazil ṣe. Olú tíntìntín kan, Aspergillus flavus, ni ó ti wọ inú ẹ̀pà náà, lára orúkọ rẹ̀ ni wọ́n sì ti gé orúkọ májèlé tó ń ṣe, aflatoxin. Nígbà tí ó di 1961, jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀ ti yọ lára àwọn eku tí wọ́n fi irú ẹ̀pà bẹ́ẹ̀ bọ́. Yíyan ẹ̀pà kò lè pa májèlé yìí tán. Ó yẹ kí ẹ̀rù ba àwọn tí ń da ẹ̀pà tí wọ́n ṣà kúrò fún adìẹ lẹ́yìnkùlé, nítorí pé ọ̀nà tí àwọn tòlótòló wọ̀nyẹn gbà lọ gan-an nìyẹn.

Iṣẹ́ ẹ̀dọ̀ ni láti tú ohun tó bá wọ ara palẹ̀. Èèmọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé purotíìnì ẹ̀dọ̀ fúnra rẹ̀, CYP3A4, wà lára àwọn tí ń sọ aflatoxin B1, ọ̀kan lára irú májèlé náà, di ohun tó lè lẹ̀ mọ́ lẹ́tà G nínú DNA, ìyẹn àkọsílẹ̀ inú sẹ́ẹ̀lì tí a fi lẹ́tà mẹ́rin, A, C, G àti T, kọ, débi pé nígbà tí sẹ́ẹ̀lì bá ń pín sí méjì, ó lè ṣi lẹ́tà náà kọ, kí T gba ipò G.

Ibí ni p53 ti wọlé. Ègé amino acid, àwọn ohun kéékèèké tí a fi ń to purotíìnì, 393 ni ó ní. Nínú sẹ́ẹ̀lì tí ara rẹ̀ dá, kì í pẹ́ láyé: purotíìnì mìíràn, MDM2, ń lẹ àmì ubiquitin mọ́ ọn, sẹ́ẹ̀lì a sì fọ́ ọ túútúú láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Bí DNA bá fara pa, MDM2 kò ní lè dì í mú mọ́, p53 yóò pọ̀ sí i, yóò sì dá pípín sẹ́ẹ̀lì dúró kí àtúnṣe lè wáyé, tàbí kí ó kúkú pa sẹ́ẹ̀lì náà. Ọdẹ tí ń ṣọ́ ìlú ni, tí a kì í pè jáde àfi bí ewu bá dé. Síbẹ̀ fún ọdún mẹ́wàá gbáko, olè ni àwọn onímọ̀ pe ọdẹ yìí. Wọ́n rò pé òun ni ó ń fa jẹjẹrẹ, kó tó di pé wọ́n yí ohùn padà ní 1989.

Oṣù kẹrin ọdún 1991 ni ohun tí mo ti ń sọ bọ̀ fìdí múlẹ̀, kò tó oṣù márùn-ún ṣáájú kí wọ́n tó dá ìpínlẹ̀ Kogi sílẹ̀ (ẹ jẹ́ kí n fi ṣe fújà díẹ̀). Ìwádìí méjì jáde pọ̀ nínú ìwé ìròyìn Nature, ọ̀kan láti Qidong ní ilẹ̀ Ṣáínà, èkejì láti gúúsù Áfíríkà, àgbègbè tí aflatoxin ti pọ̀ nínú oúnjẹ. Nínú àwọn jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀ 16 tí wọ́n yẹ̀ wò láti Qidong, 8 ni ó ní àbùkù ní ojú kan náà, ipò 249 lára p53: lẹ́tà DNA mẹ́ta tó ń júwe ègé náà, AGG, ti di AGT nínú 7 lára wọn, AGC nínú ọ̀kan, amino acid tí a ń pè ní serine sì ti gba ipò èyí tí a ń pè ní arginine. Ègé kan ṣoṣo nínú 393, p53 kò sì lè di DNA mú bó ti yẹ mọ́.

Àwọn kan yóò ní Garri Abelev ni ó yẹ kí a kọ́kọ́ dárúkọ, ẹni tó fi hàn ní Moscow ní 1963 pé alpha-fetoprotein, purotíìnì tí ẹ̀dọ̀ ọmọ inú oyún ń ṣe, tún ń jáde lára eku tó ní jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀. Ó dára, ṣùgbọ́n ẹlẹ́rìí ni purotíìnì yẹn, kì í ṣe ọ̀daràn. Àwíjàre àwọn tí ń gbè lẹ́yìn kòkòrò hepatitis B, èyí tí Baruch Blumberg rí àmì rẹ̀ nínú ẹ̀jẹ̀, lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ ju ìyẹn lọ, torí pé purotíìnì HBx tí kòkòrò náà ń ṣe a máa dí p53 lọ́wọ́. N kò bá wọn jiyàn. Àmọ́ níbi tí kòkòrò náà àti ẹ̀pà tó bu bá ti pàdé lára ẹnì kan, ewu náà ń ga ju àròpọ̀ àwọn méjèèjì lọ.

Ìyókù kò gba àlàyé púpọ̀. Taiwan bẹ̀rẹ̀ ètò abẹ́rẹ́ àjẹsára hepatitis B fún ọmọ tuntun ní 1984, Nàìjíríà fi í sínú ètò tirẹ̀ ní 2004. Ní 2000, wọ́n kéde pé wọ́n rí àbùkù ipò 249 yẹn nínú omi ẹ̀jẹ̀ àwọn tó ní jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀ ní Gambia, ilẹ̀ ẹ̀pà bíi tiwa. Oògùn sorafenib dé fún jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀ ní 2007, ó ń dí àwọn purotíìnì tí ń pàṣẹ fún sẹ́ẹ̀lì pé kó máa pọ̀ lọ́wọ́. Àwọn oògùn atezolizumab àti bevacizumab, tí a ń lò pọ̀, dé ní 2020. Ní ti p53 tí aflatoxin ti bà jẹ́, kò tíì sí oògùn jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀ kankan lórí igbá tí ń tún un ṣe.