Sẹ́mínà Ìṣirò Ìnáwó fún Iṣẹ́ Ilé Kíkọ́ àti Ọkọ̀ Òfurufú

Sẹ́mínà ìṣirò ìnáwó jẹ́ ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ọjọ́ díẹ̀, láti ọjọ́ kan títí dé ọjọ́ márùn-ún lọ́pọ̀ ìgbà, fún àwọn tó ti wà lẹ́nu iṣẹ́: QS (àwọn tó ń wọn iṣẹ́ ilé kíkọ́ tí wọ́n sì ń ṣírò owó rẹ̀), ẹnjiníà, olùdarí iṣẹ́ àkànṣe, akáńtáǹtì àti àwọn tó ń ra ọjà fún iléeṣẹ́. Bí a ṣe ń mọ iye tí iṣẹ́ máa gbà kó tó bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n ń kọ́ níbẹ̀, àti bí a ṣe ń ṣọ́ owó náà títí iṣẹ́ á fi parí.

Àwọn tó ń kọ́lé àti àwọn tó ń ṣe bàálù tàbí sátẹ́láìtì lè jókòó pọ̀ nínú irú sẹ́mínà yìí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀nà ìṣirò wọn yàtọ̀. Kíkà ni ti akọ́lé: búlọ́ọ̀kù mélòó, àpò sìmẹ́ńtì mélòó, tọ́ọ̀nù irin mélòó. Ẹni tó fẹ́ ṣe bàálù tuntun kò tíì ní ohun tó máa kà, torí wọn ò tíì ya àwòrán rẹ̀ parí. Àkọsílẹ̀ àwọn bàálù àtẹ̀yìnwá ló fi ń ṣírò. Akọ́lé nílò ọ̀nà kejì yìí nígbà tí wọ́n bá bi í ní iye owó kí ayàwòrán tó fọwọ́ kan pẹ́ńsù. Ẹni tó ń ṣe bàálù náà nílò kíkà nígbà tí iṣẹ́ bá ti wọ iléeṣẹ́.

Ẹgbẹ́ àwọn oníṣirò ìnáwó tí a mọ̀ sí AACE International lónìí bẹ̀rẹ̀ ní 1956 ní Yunifásítì New Hampshire, ní Amẹ́ríkà, níbi tí ènìyàn 59 ti péjọ. Ìgbìmọ̀ àgbáyé tó kó irú àwọn ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ pọ̀, ICEC, bẹ̀rẹ̀ ní 1976, NIQS, ẹgbẹ́ àwọn QS ní Nàìjíríà, sì wà lára àwọn ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀. NIQS fúnra rẹ̀ ti wà láti 1969. Òfin 1986 ló sì dá ìgbìmọ̀ tó ń forúkọ àwọn QS sílẹ̀. Ní ti ọkọ̀ òfurufú àti ohun ìjà, ẹgbẹ́ oníṣirò ìnáwó méjì ló para pọ̀ di ICEAA ní 2012. ICEAA máa ń ṣe ìpàdé ìdánilẹ́kọ̀ọ́ lọ́dọọdún.

Kíkà láti orí àwòrán

Iṣẹ́ ọwọ́ ni wọ́n sábà fi ń bẹ̀rẹ̀. Wọ́n á ní kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ṣírò ohun tó wà nínú kúbíìkì mítà kọnkéré 1:2:4 kan, ìyẹn sìmẹ́ńtì ìpín kan, yanrìn ìpín méjì, òkúta ìpín mẹ́rin. Ohun èlò gbígbẹ ju kọnkéré tó ti dì lọ, nítorí àlàfo tó wà láàárín òkúta àti yanrìn. Nítorí náà kúbíìkì mítà 1.54 ohun èlò gbígbẹ ni wọ́n máa pín sí ọ̀nà méje. Ìpín kan jẹ́ 0.22. Bí kúbíìkì mítà sìmẹ́ńtì kan bá wọn 1,440 kílò, kílò 317 nìyẹn, tó jẹ́ àpò 6.3 tí àpò kọ̀ọ̀kan jẹ́ 50 kílò. Yanrìn jẹ́ 0.44, òkúta wẹ́wẹ́ jẹ́ 0.88. Bí a bá fi ìdá 5 nínú ọgọ́rùn-ún kún un fún ohun tó máa ṣòfò, sìmẹ́ńtì di àpò 6.7. Àpò kan fẹ́rẹ̀ẹ́ kún àpótí lítà 35, ìdí sì nìyí tí àpótí ìwọ̀n fi dára ju ṣọ́bìrì lọ: ṣọ́bìrì lábọ́ọ̀rà méjì kì í dọ́gba, ti àárọ̀ pàápàá kì í sì í dọ́gba pẹ̀lú ti ìrọ̀lẹ́.

Ti búlọ́ọ̀kù náà ní ẹ̀tàn tirẹ̀. Ojú búlọ́ọ̀kù onínínṣì mẹ́sàn-án jẹ́ mílímítà 450 sí 225. Pẹ̀lú àlàfo sìmẹ́ńtì mílímítà 10, 9.25 ló máa wọ mítà onígun mẹ́rin kan, ṣùgbọ́n 10 ni gbogbo ènìyàn ń lò. Ìyàtọ̀ yẹn jẹ́ nǹkan bí ìdá 8 nínú ọgọ́rùn-ún, ó sì ti tó fún búlọ́ọ̀kù tó máa fọ́ lójú ọ̀nà. Ẹni tó lo 10, tó tún wá fi ìdá 5 kún un fún fífọ́, ti ka fífọ́ lẹ́ẹ̀méjì. Lórí ògiri mítà onígun mẹ́rin 4,000, kì í ṣe owó kékeré.

Ohun tó sábà máa ń bọ́ sọnù nínú èsítíméètì (ìwé ìṣirò iye owó iṣẹ́) ni ohun tí kò sí nínú àwòrán: omi, dísù jẹnẹrétọ̀, owó ọlọ́dẹ, pákó àti ìṣó fún fọ́ọ̀mùwọ́kì (àpótí pákó tí wọ́n ń da kọnkéré sí), fífa omi kúrò nínú ìpìlẹ̀ lásìkò òjò. BESMM, ìlànà wíwọn iṣẹ́ tí NIQS gbé jáde, ní ààyè fún irú nǹkan wọ̀nyí, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń kánjú á kàn kọ iye kan ṣoṣo síbẹ̀ láìṣírò.

Iye owó àti ibi tí àṣìṣe rẹ̀ lè dé

Ẹ̀kọ́ tó máa ń ṣòro fún àwọn ọ̀gá láti gbà ni pé iye kan ṣoṣo kì í ṣe èsítíméètì. AACE pín èsítíméètì sí ìsọ̀rí márùn-ún gẹ́gẹ́ bí àwòrán àti ètò iṣẹ́ ṣe pé tó. Fún iléeṣẹ́ ẹ̀rọ àti kẹ́míkà, ìlànà wọn tó ń jẹ́ 18R-97 sọ pé ní Ìsọ̀rí 5, nígbà tí ètò kò tíì ju ìdá 2 nínú ọgọ́rùn-ún lọ, owó gidi lè fi ìdá 20 sí 50 dín sí èsítíméètì, ó sì lè fi ìdá 30 sí 100 jù ú lọ. Ní Ìsọ̀rí 3, tí wọ́n sábà fi ń tọrọ owó lọ́wọ́ ìgbìmọ̀ olùdarí, ó di ìdá 10 sí 20 nísàlẹ̀ àti ìdá 10 sí 30 lókè. Ìsọ̀rí 1 pàápàá ṣì lè fi ìdá 3 sí 15 kọjá.

Apá òkè gùn ju apá ìsàlẹ̀ lọ, kò sì ṣàdédé rí bẹ́ẹ̀. Ohun tó lè mú iṣẹ́ wọ́n pọ̀ ju ohun tó lè mú owó rẹ̀ dínkù lọ. Gbọ̀ngàn Opera House ní Sydney, tí wọ́n díyelé ní dọ́là Ọsirélíà mílíọ̀nù 7, gba mílíọ̀nù 102 kó tó ṣí ní 1973, ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn ọjọ́ tí wọ́n dá. Wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ ìpìlẹ̀ kí wọ́n tó mọ bí wọ́n ṣe máa gbé òrùlé rẹ̀ dúró. Bí a bá fi ojú àwọn ìsọ̀rí yìí wò ó, Ìsọ̀rí 5 ni iye yẹn, ṣùgbọ́n bí Ìsọ̀rí 1 ni wọ́n ṣe sọ ọ́ fún aráàlú.

Wákàtí tó ń dínkù

Ibi tí ọ̀rọ̀ ọkọ̀ òfurufú ti yàtọ̀ gan-an nìyí. Ní 1936, ẹnjiníà ará Amẹ́ríkà kan, T. P. Wright, tẹ àpilẹ̀kọ jáde lórí ohun tó ń mú iye owó bàálù lọ sókè tàbí wá sílẹ̀. Ó rí i pé nígbàkígbà tí iye bàálù tí wọ́n ti ṣe bá di ìlọ́po méjì, iṣẹ́ tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń gbà máa ń dínkù ní ìwọ̀n kan náà. Ìwọ̀n tí wọ́n sábà fi ń kọ́ni ni ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún: bí bàálù àkọ́kọ́ bá gba wákàtí 100,000, ìkejì á gba 80,000, ìkẹrin 64,000, ìkẹjọ 51,200, ìkẹrìndínlógún 40,960.

Ìṣòro bẹ̀rẹ̀ níbi tí a ti ń béèrè pé kí ni nọ́ńbà wọ̀nyẹn ń sọ gan-an. Ti Wright ni pé 51,200 jẹ́ ìpíndọ́gba bàálù mẹ́jọ àkọ́kọ́, nítorí náà àpapọ̀ wọn jẹ́ wákàtí 409,600. Ọ̀nà kejì, tí wọ́n ń fi orúkọ Crawford pè, gbà pé 51,200 jẹ́ ti bàálù kẹjọ fúnra rẹ̀. Bí a bá wá ro ti gbogbo mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ pọ̀, ó di nǹkan bí 534,600. Ìwọ̀n kan náà, bàálù kan náà, ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ wákàtí 125,000. Ẹni tó bá gba 80 láti inú ìwé iléeṣẹ́ mìíràn láìbéèrè ọ̀nà tí wọ́n fi ṣírò rẹ̀ lè ba àdéhùn jẹ́ pátápátá láìṣi ìṣirò kankan ṣe. Nínú gbogbo ìdánwò sẹ́mínà, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ èyí ló wúlò jù.

Wákàtí yìí kì í dínkù fúnra rẹ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ mọ iṣẹ́ sí i, irinṣẹ́ ń dára sí i, àṣìṣe inú àwòrán ń tán. Bí iléeṣẹ́ bá dáwọ́ iṣẹ́ dúró fún ọdún kan, tí àwọn òṣìṣẹ́ àtijọ́ sì lọ, apá kan nínú ìmọ̀ náà ti lọ pẹ̀lú wọn. Bàálù tó kàn á gba wákàtí púpọ̀ ju èyí tó ṣáájú ìdúró lọ. Ẹni tó bá ń ṣírò gbọ́dọ̀ padà sẹ́yìn lórí ìlà Wright, ìyẹn ìlà tó ń fi bí wákàtí ṣe ń dínkù hàn. Nǹkan kan náà ń ṣẹlẹ̀ lórí ilé àjà mẹ́wàá tí àwọn àjà rẹ̀ jọra: bíríkìlà á yára lórí àjà kẹfà ju ti àkọ́kọ́ lọ, àmọ́ ìwọ̀nba QS ló ń fi í sínú ìṣirò.

Owó tí a ń ná lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, bíi yíya àwòrán, ṣíṣe irinṣẹ́ àti ìdánwò, gbọ́dọ̀ yà kúrò lára owó tí a ń ná lórí bàálù kọ̀ọ̀kan. Bí wọ́n bá pa méjèèjì pọ̀, ìlà Wright á dà bíi pé ó ń yọ̀ wálẹ̀ kánkán, nígbà tó jẹ́ pé owó àwòrán ni wọ́n kàn ń pín fún bàálù púpọ̀ sí i. Lẹ́yìn èyí ni wọ́n á wá kọ́ bí a ṣe ń fi ìwúwo, eré sísá àti iye tí wọ́n fẹ́ ṣe díyelé ohun tí kò tíì sí. Kí wọ́n tó fi owó bàálù 1995 àti ti 2015 wé ara wọn, wọ́n gbọ́dọ̀ sọ méjèèjì di owó ọdún kan náà. Ìwúwo tí wọ́n bá sì kọ sínú ètò àkọ́kọ́ kì í dúró lójú kan. Ó sábà máa ń pọ̀ sí i bí iṣẹ́ ṣe ń lọ, owó á sì tẹ̀ lé e.

Ewu

Àròpọ̀ iye tó ṣeé ṣe jù fún ìpín kọ̀ọ̀kan kì í ṣe iye tó ṣeé ṣe jù fún gbogbo iṣẹ́. Nítorí náà ni wọ́n ṣe ń fún ìpín kọ̀ọ̀kan ní iye ìsàlẹ̀, ti àárín àti ti òkè, kí kọ̀ǹpútà wá ṣe ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìdánwò lórí wọn nípa ìlànà Monte Carlo. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ níbẹ̀ ni kí wọ́n ṣe bí ẹni pé àwọn ìpín náà kò bá ara wọn tan. Bí irin bá wọ́n, gbogbo ohun tó ní irin nínú ló máa wọ́n pa pọ̀. Bí a kò bá sọ èyí fún kọ̀ǹpútà, ewu tó máa fi hàn á kéré ju òtítọ́ lọ.

NASA, àjọ Amẹ́ríkà tó ń rí sí òfurufú, ń béèrè pé kí iṣẹ́ ńlá ní àǹfààní ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún láti parí láàárín owó àti àkókò tí wọ́n yàn fún un, lẹ́ẹ̀kan náà. Ètò 2009 fún awò ojú sánmà James Webb jẹ́ nǹkan bíi dọ́là bílíọ̀nù 5 pẹ̀lú ọdún 2014 gẹ́gẹ́ bí ọdún gbígbéra. Nígbà tí wọ́n tún un ṣe ní 2011, ó di bílíọ̀nù 8.8 àti 2018. Ọjọ́ 25 oṣù Kejìlá 2021 ló gbéra.

Ti sátẹ́láìtì tún ní owó adójútòfò. NigComSat-1 ti Nàìjíríà gbéra ní oṣù Karùn-ún 2007, ó sì bàjẹ́ ní oṣù Kọkànlá 2008 nítorí ìṣòro iná mànàmáná. Owó adójútòfò ni wọ́n fi rọ́pò rẹ̀ pẹ̀lú NigComSat-1R ní oṣù Kejìlá 2011.

Nígbà tí iṣẹ́ bá ti bẹ̀rẹ̀

Iṣẹ́ ₦800 mílíọ̀nù kan ni àpẹẹrẹ. Ní ìdajì àkókò, iṣẹ́ tó yẹ kí wọ́n ti ṣe jẹ́ ti ₦400 mílíọ̀nù. Èyí tí wọ́n ṣe ní tòótọ́ jẹ́ ti ₦320 mílíọ̀nù. Owó tó ti jáde jẹ́ ₦380 mílíọ̀nù. Akáńtáǹtì tó wo 380 lẹ́gbẹ̀ẹ́ 400 á ní owó ṣẹ́kù. Ṣùgbọ́n 320 tí a fi 380 pín jẹ́ 0.84: náírà kọ̀ọ̀kan ń mú iṣẹ́ kọ́bọ̀ 84 wá. Bó bá ń lọ bẹ́ẹ̀, gbogbo rẹ̀ á parí sí ₦950 mílíọ̀nù. Láti padà sí 800, gbogbo náírà tó kù gbọ́dọ̀ ṣe iṣẹ́ náírà kan àti kọ́bọ̀ 14, èyí tí iṣẹ́ tó ń ṣe kọ́bọ̀ 84 tẹ́lẹ̀ kì í sábà lè ṣe. Ohun tó máa ń ba ìṣirò yìí jẹ́ jù ni ìròyìn kọ́ńtírákítọ̀ tó ń sọ pé iṣẹ́ ti dé ìdá 90 ní gbogbo oṣù. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń kọ́ni pé kí a má ka ìpín kan sí ṣíṣe àfi bó bá ti parí tí wọ́n sì ti wọ̀n ọ́n.

Ní Nàìjíríà, iye náírà sí dọ́là ni kókó tí sẹ́mínà kò lè fò. Kí ìjọba tó tú owó ilẹ̀ òkèèrè sílẹ̀ ní oṣù Kẹfà 2023, dọ́là kan wà ní nǹkan bíi ₦470 lọ́jà ìjọba. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 2024 ó ti kọjá ₦1,400. Bí ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún owó iṣẹ́ bá jẹ́ ti ohun tó ń wá láti òkè òkun, bíi lífítì, ẹ̀rọ amúlétutù àti wáyà, iṣẹ́ ₦100 mílíọ̀nù á di nǹkan bíi ₦179 mílíọ̀nù, bí owó ohun tí a ń rà nílé kò bá tilẹ̀ yí padà rárá. Nítorí náà wọ́n ń kọ́ QS láti ya ìpín òkèèrè sọ́tọ̀ nínú ìwé èsítíméètì, kí wọ́n kọ iye dọ́là tí wọ́n lò àti ọjọ́ rẹ̀ síbẹ̀, kí àwíjàre fún àfikún owó lè ní ẹsẹ̀ tó máa fi dúró.

Ní ti ìwé ẹ̀rí, ìdánwò fún ìwé ẹ̀rí CCP ti AACE ní apá kan tí ẹni tó ń ṣe ìdánwò ti gbọ́dọ̀ kọ ìwé ṣókí tó ṣàlàyé ọ̀rọ̀ owó iṣẹ́ kan yékéyéké, yàtọ̀ sí ìbéèrè tí wọ́n ń yan ìdáhùn rẹ̀. Ìwé ẹ̀rí náà ń fẹ́ ìsọdọ̀tun ní ọdún mẹ́ta mẹ́ta, wíwá sí sẹ́mínà sì wà lára ohun tí wọ́n ń kà mọ́ ọn. Iṣẹ́ gidi láti ọ̀dọ̀ àwọn tó wá ló dára jù fún ìdánrawò, bí wọ́n bá ti yọ orúkọ oníṣẹ́ àti iye àdéhùn kúrò nínú rẹ̀.