Olney

Olney jẹ́ ìlú ọlọ́jà kékeré kan ní àríwá Buckinghamshire, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, létí odò Great Ouse. Abẹ́ àkóso Milton Keynes ló wà lónìí.

Iṣẹ́ léèsì

Kí orin Amazing Grace tó sọ Olney di ìlú olókìkí, iṣẹ́ léèsì ni wọ́n mọ̀ ọ́n mọ́. Kì í ṣe irú léèsì òde àríyá tí àwa ń rà láti Austria, tó jẹ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ; ọwọ́ ni wọ́n fi ń hun tiwọn. Oníléèsì á gbé ìrọ̀rí líle síwájú, á tẹ́ bébà tí wọ́n ti lu àwòrán sí lé e, á gún píìnì sí ojú ihò kọ̀ọ̀kan, á wá máa fi bóbìn, ìyẹn igi tàbí egungun tẹ́ẹ́rẹ́ tí òwú wà lórí rẹ̀, lọ́ òwú mọ́ra. Lálẹ́, wọ́n á gbé ìgò omi síwájú àbẹ́là kí ìmọ́lẹ̀ lè kóra jọ sójú iṣẹ́. Àwọn mélòó kan ló máa ń pín àbẹ́là kan lò.

Ní 1780, akéwì William Cowper kọ ọ́ sínú lẹ́tà pé oníléèsì ìlú náà fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 1,200, àti pé ebi ń pa ọ̀pọ̀ wọn. Ẹ̀rọ ìhun léèsì tí John Heathcoat gba ẹ̀tọ́ rẹ̀ ní 1809 wà lára ohun tó dá kún ìṣòro iṣẹ́ ọwọ́ yìí.

Bóbìn àti ìrántí ìdílé

Oníṣẹ́ ọnà á lu ihò wẹ́wẹ́ sára bóbìn egungun, á fi àwọ̀ pupa tàbí búlúù dí i, ihò náà á wá di lẹ́tà: orúkọ ọmọ àti ọdún tí wọ́n bí i, ikú ìyá, ọ̀rọ̀ ìfẹ́ sí àfẹ́sọ́nà. Ìlẹ̀kẹ̀ gíláàsì ń bẹ nídìí rẹ̀ kí ó lè wúwo, kí ó má sì máa yí kiri. Nígbà míì, wọ́n á so bọ́tìnnì aṣọ ẹni wọn mọ́ ọn. Wọ́n tún gbẹ́ orúkọ Joseph Castle, tí wọ́n yẹgi fún ní Bedford ní 1860, sára bóbìn. Ó ṣòro láti fi ojú lásán mọ ìlú tí bóbìn kan ti wá, nítorí gbogbo agbègbè náà ló jọ ń lò ó. Síbẹ̀, ìwé ṣọ́ọ̀ṣì kì í sábà sọ ohun tó wà lọ́kàn obìnrin. Bóbìn a máa sọ díẹ̀.

Newton àti Cowper

John Newton, ọ̀gákọ̀ tó ti kó ẹrú láti etíkun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà rí, ṣiṣẹ́ àlùfáà ní Olney láti 1764 sí 1780. Òun àti Cowper ló kọ Olney Hymns (1779). Amazing Grace wà nínú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni orin Cowper tí àwọn ìjọ Yorùbá mọ̀ sí «Ìsun kan wà». Ní 1788, Newton tẹ ìwé kan jáde láti tako òwò ẹrú. London ló kú sí ní 1807. Ní 1893 ni wọ́n gbé òkú rẹ̀ wá sí Olney. Ilé Cowper lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà di ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ní 1900, wọ́n sì ń pa léèsì àti bóbìn mọ́ síbẹ̀.

Eré ìje

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó ṣáájú Ọjọ́rú Eléérú, àwọn obìnrin máa ń gbé páànù àti páńkéèkì sáré láti ọjà dé ṣọ́ọ̀ṣì. Ìtàn àtẹnudẹ́nu gbé e dé 1445. Láti 1950 ni wọ́n ti ń bá ìlú Liberal, ní Kansas, díje.