Ìdí tí kíláàsì fi ń pa lọ́lọ́ bí ọ̀rọ̀ bá kan àwọ̀

Ní yunifásítì kan ní Amẹ́ríkà, olùkọ́ gbé máàpù kan tí àjọ ìjọba yà ní àwọn ọdún 1930 sójú ògiri. Àdúgbò àwọn adúláwọ̀ pupa fòò lórí rẹ̀: lójú àjọ náà, ibi tí ẹ̀yáwó ilé ti léwu nìyẹn. Kíláàsì tó ń pariwo tẹ́lẹ̀ pa lọ́lọ́. Ẹnì kan tẹjú mọ́ bàtà ara rẹ̀. Ọmọ aláwọ̀ funfun kan wá nawọ́: "Ọwọ́ òfìfo ni bàbá bàbá mi gbé wọ orílẹ̀-èdè yìí. Òógùn ojú rẹ̀ ló fi ní ilé. Èwo ló kàn mí níbẹ̀?"

Bí àtakò ṣe ń bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ó lè jẹ́ ẹkún, ó sì lè jẹ́ ìdákẹ́ lásán.

Beverly Daniel Tatum, onímọ̀ ìrònú ẹ̀dá tó ti kọ́ni ní ẹ̀kọ́ nípa ẹlẹ́yàmẹ̀yà fún ọ̀pọ̀ ọdún, tọ́ka sí orísun mẹ́ta tí àtakò yìí ní, ní 1992. Èkíní ni pé èèwọ̀ ni ọ̀rọ̀ àwọ̀ níbi tí ẹ̀yà bá ti pàdé. Ọmọ ọdún mẹ́ta tó bi ìyá rẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì pé kí ló mú kí awọ ọkùnrin yẹn dúdú, "Pa ẹnu ẹ mọ́!" ló gbọ́. Kò ní gbàgbé.

Èkejì ló jinlẹ̀ jù: wọ́n ti tọ́ akẹ́kọ̀ọ́ dàgbà pé bí èèyàn bá ṣe ṣiṣẹ́ tó ni yóò jẹ tó. Máàpù yẹn kò sọ pé bàbá àgbà kò ṣiṣẹ́. Ohun tó ń sọ ni pé láti 1934, ìjọba ń ṣe onídùúró fún ẹ̀yáwó ilé, àdúgbò adúláwọ̀ kì í sì í sábà rí i gbà, títí òfin fi ka irú ìyàsọ́tọ̀ bẹ́ẹ̀ léèwọ̀ ní 1968. Ilé tó níye lórí ló ń san owó ilé ìwé ọmọ-ọmọ. Ìtàn ìdílé ni ẹ̀kọ́ yìí fọwọ́ kàn, ìyẹn ló ṣe ń dunni.

Ẹ̀kẹta, akẹ́kọ̀ọ́ gbà pé ẹlẹ́yàmẹ̀yà ń pa ẹlòmíràn lára, ṣùgbọ́n kò gbà pé ó kan ìgbésí ayé tòun.

Ìdákẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ adúláwọ̀ yàtọ̀ pátápátá. Bí wọ́n bá ti dárúkọ oko ẹrú, gbogbo ojú á yí sí i, bí ẹni pé òun ni agbẹnusọ gbogbo ìran rẹ̀. Ó ti rẹ̀ ẹ́.

Olùkọ́ tó mọṣẹ́ kì í jẹ́ kí ìbínú àti ìtìjú bá wọn lójijì. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ló ti ń sọ fún wọn pé yóò dé, àti pé ohun tí wọ́n bá gbọ́ ní kíláàsì kò gbọdọ̀ jáde. Tatum tún ní kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan fọ̀rọ̀ wá ara rẹ̀ lẹ́nu wò sórí kásẹ́ẹ̀tì ní ìbẹ̀rẹ̀ sáà, kó sọ èrò rẹ̀ nípa àwọ̀. Nígbà tí sáà bá ń parí lọ, á tún kásẹ́ẹ̀tì náà gbọ́, òun àti ohùn ara rẹ̀.