Kúìlìtì àtinúdá: aṣọ tí à ń rán kí a tó mọ bí yóò ṣe rí

Tí wọ́n bá tẹ́ kúìlìtì sórí ibùsùn, aṣọ ìbora kan péré lojú máa rí, bẹ́ẹ̀ ìpele mẹ́ta ló wà nínú rẹ̀. Ìpele òkè ni èyí tí a fi ègé aṣọ oríṣiríṣi rán pọ̀. Ti ìsàlẹ̀ sábà máa ń jẹ́ aṣọ gbalaja tí kò ní àtòpọ̀ nínú. Òwú tí wọ́n tẹ́ pẹrẹsẹ ló wà láàárín, òun ló ń mú kí ìbora náà móoru. Lẹ́yìn náà ni a ó fi abẹ́rẹ́ gún mẹ́tẹ̀ẹ̀ta já láti òkè dé ìsàlẹ̀, káàkiri ojú aṣọ, kí òwú àárín má baà ṣù jọ sójú kan. Ìrán àgúnjá yẹn ló sọ ọ́ di kúìlìtì.

Bátànì ni ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń rán an. Bátànì á ti sọ iye ègé tí ẹ máa gé, bí ọ̀kọ̀ọ̀kan ṣe máa tóbi tó, àti ibi tí ẹ máa fi í sí. Kí sísọ́ọ̀sì tó kan aṣọ, ẹ ti mọ bí òpin rẹ̀ ṣe máa rí. Kúìlìtì àtinúdá kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ gé ègé kan, ẹ rán an mọ́ òmíràn, ẹ gbé e kọ́ ara ògiri, ẹ sún sẹ́yìn, ẹ wò ó. Ohun tí ẹ bá rí ló máa sọ ohun tí ẹ máa gé tẹ̀ lé e.

Ọ̀pọ̀ ló gbọ́ ọ̀rọ̀ náà tí wọ́n rò pé ohun tó bá ti wu ọwọ́ ni kí ọwọ́ máa ṣe. Èmi náà gbà bẹ́ẹ̀ nígbà kan. Mo kó gbogbo àjákù aṣọ tí mo ní sílẹ̀, mo jókòó tì wọ́n ní odindi ìrọ̀lẹ́ kan, n kò sì rán nǹkan kan. Ìgbà tí mo pinnu pé àwọ̀ mẹ́ta péré ni mo máa lò, tí mo sì kọ̀ láti gé ègé kankan tí ẹ̀gbẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin rẹ̀ dọ́gba, ni ọwọ́ mi tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ààlà ni mo ń pe irú ìpinnu bẹ́ẹ̀. Nígbà tí aṣọ bá pọ̀, tí kò sì sí ààlà, gbogbo ègé ló ń pe ni, kò sì sí èyí tí a lè dá lóhùn.

Àwọn tó jẹ́ kí ayé rí ẹwà irú ìránṣọ yìí ni àwọn obìnrin aláwọ̀ dúdú Gee's Bend, abúlé kan ní ìpínlẹ̀ Alabama ní Amẹ́ríkà tí odò Alabama yí ká ní ìhà mẹ́ta. Láti ìran dé ìran ni wọ́n ti ń fi aṣọ iṣẹ́ tó ti gbó rán kúìlìtì tí ìdílé máa fi bora. Ní 1966, wọ́n dá ẹgbẹ́ Freedom Quilting Bee sílẹ̀ ní agbègbè wọn, kí àwọn obìnrin lè máa rí owó lórí iṣẹ́ ọwọ́ wọn. Ní 2002, ilé musíọ̀mù kan ní Houston pàtẹ àwọn kúìlìtì náà, ibẹ̀ ni wọ́n ti gbé wọn lọ sí Whitney Museum ní New York. Nígbà tó di 2006, iléeṣẹ́ ìfìwéránṣẹ́ Amẹ́ríkà tẹ àwòrán mẹ́wàá lára wọn sórí sítáǹpù.

Ìlànà kan tí wọ́n fẹ́ràn gan-an ni wọ́n ń pè ní Housetop, ìyẹn òrùlé ilé: ègé kan ní àárín, ọ̀já aṣọ á sì máa yí i ká, yípo lẹ́yìn yípo. Èyí tí ẹni kọ̀ọ̀kan bá sì rán bí inú rẹ̀ ṣe darí rẹ̀, "ọ̀nà tèmi" ni wọ́n ń pè é. N kò mọ àlàyé tó dára ju ìyẹn lọ. Ẹ wò ó: gbogbo abúlé ló mọ òrùlé ilé, ààlà tí wọ́n jọ ní nìyẹn. Ibi tí ọ̀já kan ti tẹ̀ díẹ̀, ibi tí àwọ̀ ti yí padà lójijì nítorí pé aṣọ tó wà nílẹ̀ tán, ibẹ̀ ni ọ̀nà tèmi wà.

Ohun kan náà ni ẹgbẹ́ tó ń rán kúìlìtì ní ìgbésẹ̀-ìgbésẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì ń ṣe. Ènìyàn mẹ́wàá tàbí ogún á kóra jọ, kálukú nílé tirẹ̀, pẹ̀lú aṣọ tirẹ̀. Ẹnìkan tó ń darí wọn á fún wọn ní ààlà kan fún ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Ó lè ní, "Ẹ ṣe àárín kan tí kò ní fẹ̀ ju íǹṣì 12 lọ." Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì: "Ẹ fi ọ̀já yí i ká, ṣùgbọ́n kí ẹ̀gbẹ́ kan fẹ̀ ju àwọn yòókù lọ." Lẹ́yìn ìyẹn: "Ẹ mú ìlà tó tẹ̀ bí ọrun wọ inú rẹ̀." Kálukú á ya fọ́tò ibi tó bá iṣẹ́ dé, á sì fi ránṣẹ́ sí àwọn yòókù. Ẹ má dà á pọ̀ mọ́ èyí tí wọ́n ń pè ní round robin, níbi tí aṣọ fúnra rẹ̀ ti ń kúrò lọ́wọ́ ẹnìkan bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn, tí ẹni tó bá kàn á sì fi tirẹ̀ kún un. Níbí, aṣọ yín ò kúrò lọ́dọ̀ yín.

Ẹni tó ń darí kì í sọ ìgbésẹ̀ tó ń bọ̀. Ó nídìí. Bí mo bá ti mọ̀ pé ìlà títẹ̀ ń bọ̀ lọ́sẹ̀ kẹrin, láti ọ̀sẹ̀ kìíní ni mo ti máa fi àyè sílẹ̀ dè é, bátànì ni mo sì padà sí yẹn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé inú orí mi ló wà. Àìmọ̀ ló ń jẹ́ kí n wo aṣọ tó wà níwájú mi dáadáa.

Ní ìgbésẹ̀ àkọ́kọ́, nǹkan kan wà tí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ máa ń gbàgbé: ojú ìrán ń jẹ aṣọ. Ìdámẹ́rin íǹṣì ni àwọn tó ń rán kúìlìtì ń yọ sílẹ̀ fún un. Ìwọ̀n yẹn tó kí aṣọ má baà já bọ́ kúrò lójú ìrán, kò sì nípọn débi tí yóò fi ga sókè lẹ́yìn tí áyọ́ọ̀nù bá ti kọjá lórí rẹ̀. Níbi tí ègé méjì bá ti pàdé, ìdajì íǹṣì ti wọlé lọ. Ẹ to ègé mẹ́sàn-án tí ọ̀kọ̀ọ̀kan fẹ̀ ní íǹṣì 3 sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn lórí tábìlì, íǹṣì 27 ni. Ẹ rán wọn tán, 23 ló kù. Ẹ máa gé e kó tóbi ju bí ẹ ṣe fẹ́ lọ.

Ti àwọ̀ náà gba àkíyèsí. Ohun tó ń jẹ́ kí ègé kan yọ lára èkejì kì í sábà jẹ́ pé ọ̀kan pupa, èkejì búlúù. Bí ọ̀kan ṣe ṣókùnkùn tó, tí èkejì sì mọ́lẹ̀ tó, ló ń ṣiṣẹ́ jù. Ẹ ya fọ́tò rẹ̀, kí ẹ sọ fọ́tò náà di dúdú àti funfun lórí fóònù. Ẹ lè rí i pé pupa àti àwọ̀ ewé tí ẹ rò pé wọ́n ń bá ara wọn jà ti di eérú kan náà, kò sì sí ìyàtọ̀ kankan láàárín wọn. Ìgbà yẹn lẹ máa mọ̀ pé aṣọ fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́ẹ́rẹ́ kan gbọ́dọ̀ wọlé.

Ìgbésẹ̀ kejì ló kọ́ mi lẹ́kọ̀ọ́ jù. Mo gé ọ̀já gígùn, mo fi ẹ̀rọ rán an mọ́ etí àárín láìwọ̀n ọ́n, mo sì gé ìyókù dànù nígbà tí mo dé òpin. Bí mo ṣe ṣe ẹ̀gbẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin nìyẹn. Nígbà tí mo tẹ́ ẹ sílẹ̀, àárín dúró jẹ́ẹ́, etí sì ń rú bí omi. Aṣọ tí a bá gé ní ìdàgẹ̀rẹ̀ máa ń fà, ẹ̀rọ náà sì máa ń fa ìpele kan ju èkejì lọ bó ṣe ń rán lọ. Etí ti gùn ju àárín lọ, kò sì sí áyọ́ọ̀nù tó lè tẹ ìyẹn tọ́. Mo tú ẹ̀gbẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ọ̀nà tó tọ́ ni pé kí ẹ wọn aṣọ náà gba àárín gbùngbùn rẹ̀ kọjá, kí ẹ gé ọ̀já sí ìwọ̀n yẹn, kí ẹ fi píìnì dè é ní ìbẹ̀rẹ̀, ní ìdajì àti ní òpin, kí ẹ tó rán an. Bí ìgbésẹ̀ kan bá sì ti parí, ẹ fi rúlà gé gbogbo etí kó tọ́. Inú kúìlìtì àtinúdá lè wọ́ bó ṣe wù ú, etí rẹ̀ gbọ́dọ̀ tọ́, nítorí pé ohun tó bá wọ́ díẹ̀ ní yípo kejì á wọ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ ní ìkẹta.

Bí ẹ̀gbẹ́ kan bá kúrú, ẹ fi ègé kún un. Lójú bátànì, àṣìṣe ni. Níbí, mo ti rí i lọ́pọ̀ ìgbà pé ègé àfikún yẹn ni ojú kọ́kọ́ ń lọ sí, tí ó sì ń dùn ún wò.

Ìlà títẹ̀ ń ba àwọn ènìyàn lẹ́rù, bẹ́ẹ̀ ó rọrùn. Ẹ tẹ́ aṣọ méjì lé ara wọn, kí ojú méjèèjì wà lókè. Ẹ fi ọ̀bẹ olóbìrípo, ìyẹn ọ̀bẹ tí ojú rẹ̀ rí roboto tó ń yí bí táyà, gé àwọn méjèèjì pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, láìlo rúlà, ní ìlà kan tó tẹ̀ wẹ́rẹ́. Ègé mẹ́rin lẹ máa ní. Ẹ mú apá òsì ti òkè, ẹ so ó mọ́ apá ọ̀tún ti ìsàlẹ̀. Wọ́n á bára mu, nítorí pé ọ̀bẹ kan náà ló gé wọn. Ẹ rán an díẹ̀díẹ̀. Bí ìlà náà bá tẹ̀ jù, aṣọ á hunjọ.

Ní nǹkan bí ìgbésẹ̀ kẹta ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń rí i pé aṣọ ti tán lọ́wọ́ àwọn. Ìṣirò rẹ̀ kò le. Ká ní àárín jẹ́ íǹṣì 12 ní òró àti ìbú, tí yípo kọ̀ọ̀kan sì fi íǹṣì 4 kún gbogbo ẹ̀gbẹ́. Ó di 20, ó di 28, ó di 36. Ojú aṣọ tí yípo àkọ́kọ́ gbà jẹ́ íǹṣì 256 níbùú-lóròó, èkejì gba 384, ẹ̀kẹta gba 512. Ọ̀já kan náà ni, bẹ́ẹ̀ aṣọ tí yípo kẹta jẹ jẹ́ ìlọ́po méjì ti àkọ́kọ́. Nítorí náà, àwọ̀ tí ẹ bá fẹ́ kó hàn títí dé etí, ẹ má lò ó tán ní àárín.

Àǹfààní ẹgbẹ́ hàn nínú àwọn fọ́tò. Ààlà kan náà ni wọ́n fún gbogbo wa, àmọ́ ẹnìkan gé ọ̀já tó rí bí àkàbà, ẹlòmíràn fi aṣọ kan ṣoṣo ṣe gbogbo ẹ̀gbẹ́ tó fẹ̀, kí ojú lè sinmi. Èyí kejì yẹn kò wá sí mi lọ́kàn rí. Ohun tí mo máa ń bẹ àwọn tó ń dá sí iṣẹ́ ara wọn ni pé kí wọ́n sọ ohun tí ojú wọn rí: "Igun òkè ni ojú mi kọ́kọ́ lọ, n kò sì rí ìsàlẹ̀ títí." Ìyẹn wúlò. "Bó bá jẹ́ èmi ni, màá fi yẹ́lò síbẹ̀" ń gba aṣọ náà kúrò lọ́wọ́ ẹni tó ni ín.

Nígbà tí àtòpọ̀ òkè bá ti parí, iṣẹ́ tó kù dọ́gba pẹ̀lú ti kúìlìtì èyíkéyìí. Aṣọ ìsàlẹ̀ àti òwú á fẹ̀ ju ti òkè lọ ní íǹṣì mẹ́ta sí mẹ́rin ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan, nítorí pé ìrán àgúnjá máa ń fa nǹkan wọlé. Láti àárín la ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í de ìpele mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀ lọ sí etí, kó má baà ní ìhunjọ. Ìgbátí ló kẹ́yìn: ọ̀já tó fẹ̀ ní íǹṣì 2½, a ṣẹ́ ẹ po sí méjì, a rán an yí etí ká. Mo máa ń tọ́jú ègé kékeré kan lára aṣọ àárín láti ọ̀sẹ̀ kìíní, kí n lè rí i fi sínú ìgbátí ní igun kan.