Ibi tí àsìkò ń sọnù sí lórí ìlà jáńgílófà

Lọ́jọ́ Iléyá ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo), tí àwọn ọmọdé bá ti jẹran tán, tí wọ́n sì ti gba owó ọdún lọ́wọ́ ẹbí, ìta ni gbogbo wọn ń sáré lọ lẹ́ẹ̀kan náà. Ká ní ẹnì kan ti gbé jáńgílófà oníná wá sí pápá kan nítòsí ọjà Ouando. Kí ọ̀sán tó tán, ìlà á ti kọjá ẹnu ọ̀nà, àwọn òbí á sì máa sọ pé ẹ̀rọ náà ni kò yára. Ẹ̀rọ kọ́ ló sábà máa ń fà á. Nígbà tí ẹ̀rọ bá dúró ni àsìkò ń lọ, tí àwọn ọmọ kan ń sọ̀, tí àwọn mìíràn ń gùn.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ìjókòó rẹ̀ jẹ́ 16, ìṣẹ́jú 3 ló sì fi ń yí. Ṣùgbọ́n kí àwọn tó wà lórí rẹ̀ tó sọ̀ tán, kí wọ́n tó rí bàtà tó já bọ́, kí àwọn tuntun tó san sẹ́fà wọn, kí wọ́n tó wá owó ẹyọ fún wọn, kí wọ́n tó fi ìgbànú de ọmọ kọ̀ọ̀kan mọ́ àga, ìṣẹ́jú 5 ti lọ. Ìgbà kan gba ìṣẹ́jú 8 nìyẹn, ọmọ 120 ló sì máa gùn ún ní wákàtí kan. Tí wọ́n bá ń gba owó nígbà tí àwọn ọmọ ṣì wà lórí ìlà, tí ọ̀nà àbájáde sì yàtọ̀ sí ọ̀nà àbáwọlé, ìṣẹ́jú 5 yẹn lè di 2. Ọmọ 192 á gùn ún ní wákàtí kan náà, láìjẹ́ pé ẹ̀rọ sáré ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ìdí nìyí tí kò fi dáa rárá kí ẹlẹ́rọ máa gé ìṣẹ́jú 3 ọmọ kù nítorí pé èrò pọ̀. Ohun tí ọmọ sanwó fún ló ń gé.

Ní àwọn ọgbà ìṣeré ńlá òkè òkun, ìṣirò yìí ni wọ́n ti máa ń ṣe kí wọ́n tó kan irin àkọ́kọ́ mọ́lẹ̀. Ọkọ̀ orí irin tó ń gun òkè tó tún ń já wálẹ̀ sábà máa ń ju ẹyọ kan lọ lójú irin rẹ̀. Wọ́n á pín ojú irin náà sí abala, ọkọ̀ kan ṣoṣo ló sì gbọ́dọ̀ wà nínú abala kan. Bí ti iwájú kò bá tíì kúrò, bíréèkì á dá tẹ̀yìn dúró. Ká ní ọkọ̀ kan ń gba èèyàn 24, tí ọ̀kan sì ń ṣí ní ìṣẹ́jú kan ààbọ̀ síra: èèyàn 960 ní wákàtí kan. Bí àwọn tó ń yẹ ìgbànú wò bá pẹ́ di ìṣẹ́jú 2, 720 péré ló kù. Ní Disneyland, ọgbà ìṣeré kan ní Kalifóníà, ní Amẹ́ríkà, ẹ̀rọ kan wà láti ọdún 1969, Haunted Mansion, tí àga rẹ̀ kì í dúró kí èèyàn tó jókòó: ilẹ̀ tí èèyàn ń tẹ̀ wọlé náà ń rìn bá àga lọ.

Àga tó ṣófo náà ń jẹ àsìkò. Bí ìjókòó bá jẹ́ méjì-méjì, tí ìyá kan sì kó ọmọ méjì wá, àyè kan á ṣófo. Àwọn tó ń pe èrò sínú tásì Kútọnu mọ èyí dáadáa: "Ẹnì kan ló kù! Ẹnì kan!" Bẹ́ẹ̀ gan-an ni àwọn ọgbà kan ṣe ya ìlà sọ́tọ̀ fún ẹni tó bá gbà láti dá gùn ún.

Ní 1961, John Little, ọmọ Amẹ́ríkà, fi ìṣirò fìdí òfin kan múlẹ̀: iye èèyàn tó wà lórí ìlà jẹ́ iye tó ń wọlé síbẹ̀ ní ìṣẹ́jú kan, ní ìlọ́po iye ìṣẹ́jú tí ẹnì kọ̀ọ̀kan fi ń dúró. Nítorí náà, bí ọmọ méjì bá ń ráyè gùn ní ìṣẹ́jú kan, tí 60 sì wà níwájú, ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ni. Òbí tó lè ka orí èèyàn lè mọ̀ bóyá kí òun dúró tàbí kí òun kọ́kọ́ lọ ra àkàrà.

Disney, ilé-iṣẹ́ tó ni Disneyland, bẹ̀rẹ̀ FastPass ní 1999: èèyàn á gba tíkẹ́ẹ̀tì tí wọ́n kọ àsìkò sí, á lọ ṣe nǹkan mìíràn, á sì padà wá. Kò fi àga kan kún àga. Àyè tí wọ́n bá fún ẹni tó ní tíkẹ́ẹ̀tì, ọwọ́ ẹni tó dúró lórí ìlà ni wọ́n ti mú un, ìlà tirẹ̀ á sì máa fà. Ní 2021, wọ́n fi èyí tí wọ́n ń san owó fún rọ́pò rẹ̀. Ó yẹ kí ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ gbé irú rẹ̀ wá sílé ro ti ọmọ tí owó ọdún rẹ̀ kò tó nǹkan.

Ìrọ̀lẹ́ ni ìṣirò yìí wúlò jù. Bí aago mẹ́fà bá ni wọ́n fẹ́ pa ẹ̀rọ, tí ọmọ 60 sì ṣì wà lórí ìlà ní aago márùn-ún ààbọ̀, ìgbà náà ni kí ẹnì kan lọ dúró sí ìdí ìlà, kó máa sọ fún àwọn tó ń bọ̀ pé lọ́la ni, kí wọ́n má tíì san kọ́bọ̀.